Hámà Kọ́ Ni Gbogbo Irinṣẹ́: Bí A Ṣe Ń Fi Béárìn Sí àti Bí A Ṣe Ń Yọ Ọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí iṣẹ́ kan bá wà tí òwe yìí bá mu wẹ́kú, iṣẹ́ fífi ẹ̀yà ara ẹ̀rọ sí àyè rẹ̀ àti yíyọ ọ́ kúrò ní àyè náà ni. Àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì yìí ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ fún àgbéyẹ̀wò. Ẹ̀yà ara ẹ̀rọ pọ̀ bí yanrìn. Nítorí náà ọ̀kan ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, òun náà ni béárìn. Ọkọ̀ ilẹ̀ ń lò ó, ẹ̀rọ amúnáwá ń lò ó, ẹ̀rọ ìfami ń lò ó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ìlọta tí àwọn ìyá wa ń gbé ata lọ bá ní ẹ̀yìn ọjà náà ń lò ó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ojú ń rí ní ọ̀pọ̀ ibi tí a ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan ń kùn, a sì tú u. Ọmọ iṣẹ́ gbá béárìn àtijọ́ jáde pẹ̀lú hámà àti ọ̀pá irin. A ra tuntun dé, a gbé e sí ẹnu ihò, ó sì tún di gbá, gbá, gbá, títí ó fi wọlé. A kun gíríìsì, a dè é, ọlọ́kọ̀ sanwó, ó sì lọ. Kò pẹ́ kò jìnnà, ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọlọ́kọ̀ dá mẹkáníìkì lẹ́bi pé kò mọ iṣẹ́. Mẹkáníìkì dá ẹni tó ta béárìn lẹ́bi pé ayédèrú ni ọjà rẹ̀. Ẹni tó tà á ní bó ṣe wá láti òkè òkun ni òun ṣe tà á. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń jà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi hámà léèrè ohun tó ṣe.

Kí ìjà náà tó lè parí, ó yẹ kí a mọ ohun tí béárìn jẹ́. Òrùka irin méjì ni, ọ̀kan nínú èkejì. Ní àárín wọn ni àwọn ọta irin róbótó-róbótó wà, tí wọ́n ń yí nínú ipa tí a gbẹ́ sí ara òrùka méjèèjì. Irin fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kan tó dà bí àgò ni kì í jẹ́ kí àwọn ọta náà kọlu ara wọn. Bí òrùka kan bá dúró, èkejì lè máa yí láìsí wàhálà, nítorí pé irin kò wọ́ lórí irin mọ́. Yíyí ni ó ń yí. Ní ọdún 1794 ni ará Wales kan, Philip Vaughan, gba ìwé àṣẹ lórí irú ọgbọ́n yìí fún ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà. Ṣùgbọ́n ó di ọdún 1883, ní ìlú Schweinfurt ní ilẹ̀ Jámánì, kí Friedrich Fischer tó ṣe ẹ̀rọ kan tí ń lọ ọta irin títí gbogbo wọn yóò fi rí róbótó tí wọn yóò sì dọ́gba. Láti ìgbà náà ni béárìn ti di ohun tí a lè ṣe lọ́pọ̀lọpọ̀. Dídọ́gba yìí ni ìyè béárìn. Bí ọta kan bá fi díẹ̀ tóbi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òun nìkan ni yóò máa ru ẹrù tó yẹ kí gbogbo wọn jọ rù.

Béárìn kò gbọdọ̀ máa ṣe lókolòko ní àyè rẹ̀. Òrùka rẹ̀ tó ń yí lábẹ́ ẹrù gbọ́dọ̀ fún mọ́ ohun tó gbé e dání, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa yọ̀, yóò sì máa jẹ irin náà. Nínú ẹ̀rọ tí iná mànàmáná ń yí, ọ̀pá àárín ni ó ń yí. Nítorí náà òrùka inú ni a ń jẹ́ kí ó fún mọ́ ọ̀pá. Ní ti ẹsẹ̀ iwájú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń wà, ọ̀pá dúró lójú kan, ilé béárìn ni ó ń bá táyà yí. Òrùka òde ni yóò fún nínú ilé náà. Báwo ni fífún yìí ti tó? Lára ọ̀pá tó fẹ̀ ní 40 mìlímítà, ọ̀pá lè fi nǹkan bí 0.02 mìlímítà ju ihò òrùka inú lọ. Ìyẹn kò tó ìdajì sísanra irun orí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Síbẹ̀, ìwọ̀n kékeré yìí tó láti mú kí ọwọ́ lásán má lè ti òrùka náà wọlé. Ibí ni irinṣẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí pé hámà lágbára púpọ̀ ni ó ṣe ń ba béárìn jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ lágbára ju hámà lọ fíìfíì, kì í sì í ba béárìn jẹ́ bí a bá lò ó bó ti yẹ. Ọ̀nà tí agbára gbà ni ọ̀rọ̀ wà. Bí òrùka inú bá ń lọ fún mọ́ ọ̀pá, tí a sì gbá òrùka òde, agbára náà kò lè dé ibi tí a ń rán an àfi kí ó gba àárín àwọn ọta kọjá. Ọta róbótó kò sì fẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ojú bíńtín ni ó fi kan ipa tó ń gbà. Gbogbo agbára hámà yóò wá kó jọ sí ojú bíńtín yẹn, yóò sì tẹ kòtò kékeré sí ara ipa náà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọta irin ṣe ń tẹ kòtò sára irin, kí ó rántí Johan August Brinell, ará Súwídìn. Ní ọdún 1900 ni ó gbé ọ̀nà kan jáde tí a fi ń wọn bí irin ṣe le tó. Ohun tó ṣe ni pé ó fi agbára tí a mọ iye rẹ̀ tẹ ọta irin líle mọ́ ara irin tí a fẹ́ dán wò, ó sì wọn bí ojú kòtò tó dá sí i ti fẹ̀ tó. Ohun tí Brinell mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe láti fi wá ìmọ̀ ni ẹni tó ń gbá béárìn pẹ̀lú hámà ń ṣe láìmọ̀. Orúkọ Brinell gan-an ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ òde òní fi ń pe irú àbùkù yìí.

Kòtò wọ̀nyí kì í dá ẹ̀rọ dúró lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọ ara rẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí a tètè fura. Béárìn náà yóò ṣiṣẹ́, ọlọ́kọ̀ yóò dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbàkúgbà tí ọta bá kọjá lórí kòtò, yóò ta gìjì díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń sáré ń yí lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, títa gìjì náà yóò sì di kíkùn tí a ń gbọ́. Etí kòtò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, irin wẹ́wẹ́ yóò wọ inú gíríìsì, yóò máa lọ àwọn ìyókù, béárìn yóò sì gbóná. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fetí sí i, ó lè gan pátápátá tàbí kí ó túká lórí ìrìn. Nínú ẹ̀rọ ìlọta, àdánù owó nìyẹn. Lára ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó kún fún èrò lójú títì, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Àwọn kòtò náà ní èdè tiwọn fún ẹni tó bá lè kà á. Bí a bá tú béárìn tó bàjẹ́, tí a rí kòtò kéékèèké lára ipa, tí àlàfo àárín wọn sì bá àlàfo àárín àwọn ọta mu gẹ́ẹ́, ó ṣeé ṣe púpọ̀ pé nígbà tí a ń fi í sí ni a ti bà á jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìpẹtà ni a rí, omi ni ó wọ ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ yanrìn ni ó ha á, ìdọ̀tí wọlé. Òótọ́ ni pé ayédèrú béárìn wà lọ́jà, kò sì sí ẹni tó lè sẹ́ èyí. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ tẹnu béárìn fúnra rẹ̀.

Ìtàn Sven Wingquist bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní ìlú Gothenburg ní Súwídìn. Béárìn ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́ níbẹ̀. Ilẹ̀ amọ̀ ni ilé iṣẹ́ náà dúró lé. Bí ilẹ̀ bá ti yẹ̀ díẹ̀, àwọn ọ̀pá gígùn tí ń yí ẹ̀rọ a wọ́, wọn a sì máa fi ìwọ́ wọn ni béárìn lára. Wingquist kò fi mọ sí pípààrọ̀ béárìn nìkan. Ó wádìí ibi tí agbára tó ń ba wọ́n jẹ́ ti ń wọlé. Ní ọdún 1907 ni ó gbé béárìn kan jáde tó ní ìlà ọta méjì, tí òrùka inú rẹ̀ lè tẹ̀ díẹ̀ bí ọ̀pá bá wọ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni a dá ilé iṣẹ́ SKF sílẹ̀ lórí ọgbọ́n náà.

Wàyí o, kí ni irinṣẹ́ tó tọ́? Òfin kan ni ó ṣe olórí gbogbo wọn: òrùka tó ń lọ fún ni kí a tẹ̀. Bí òrùka inú ni yóò fún mọ́ ọ̀pá, òrùka inú ni kí agbára kàn. Bí òrùka òde ni yóò fún nínú ilé, òun ni kí agbára kàn. Bí méjèèjì yóò bá fún lẹ́ẹ̀kan náà, irin pẹlẹbẹ tó kan méjèèjì pọ̀ ni kí a fi tẹ̀ wọ́n. Ẹni tó mọ òfin yìí kò nílò owó ńlá láti pa á mọ́. Páìpù irin kan tí a gé ẹnu rẹ̀ méjèèjì dọ́gba, tó jókòó sórí òrùka tó yẹ láìfara kan èkejì, ti di irinṣẹ́ ìfisí. Bí ẹnu páìpù bá wọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò máa tẹ̀, béárìn yóò sì há ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Nítorí náà gígé rẹ̀ dọ́gba kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́. Kí a sì tó gbé béárìn sí i, kí a nu ọ̀pá mọ́, kí a fi òróró díẹ̀ pa á.

Lẹ́yìn páìpù ni ẹ̀rọ ìtẹ̀. Ní ọdún 1795 ni Joseph Bramah, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀ tí ń fi omi ṣiṣẹ́. Bí a bá tẹ omi nínú agolo tóóró, omi náà yóò gbé agbára yẹn lọ sínú agolo gbàǹgbà, ibẹ̀ ni yóò ti pọ̀ sí i ní ìlọ́po. Òróró ni a sábà máa ń lò dípò omi lóde òní. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ń tẹ̀ jẹ́jẹ́, lọ́gbọọgba, ẹni tó ń lò ó sì ń rí bí ó ti ń lọ. Bí béárìn bá kọ̀, onítọ̀hún yóò dúró kí ó wo ohun tó dí i lọ́nà.

Ọ̀nà kẹta ni iná, èyí kò sì ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti rí i bí a ṣe ń fi ìrù ọ̀bẹ gbígbóná jó ọ̀nà wọ inú èèkù igi mọ̀ pé iná lè ṣí ilẹ̀kùn tí hámà kò lè ṣí. Ní ti ọ̀bẹ, igi ni iná jẹ. Ní ti béárìn, irin ni iná ń mú fẹ̀. Bí a bá mú òrùka tí ihò rẹ̀ jẹ́ 40 mìlímítà, tí a gbé ìgbóná rẹ̀ láti 30°C lọ sí 110°C, ihò náà yóò fẹ̀ sí i ní nǹkan bí 0.04 mìlímítà. Fífún tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kò ju 0.02 lọ. Béárìn yóò yọ́ wọlé, bí ó bá sì ti tutù, yóò di ọ̀pá mú. Ṣùgbọ́n iná pẹ̀lú ní ìwọ̀n. A kì í sábà jẹ́ kí ó kọjá nǹkan bí 120°C, nítorí pé ìgbóná àṣejù ń sọ irin líle di rírọ̀. A kì í fi iná ojúkorojú jó béárìn. Bí inú òróró ni a ó ti gbóná rẹ̀, kí a fi wáyà gbé e kúrò ní ìsàlẹ̀ ìkòkò. Èyí tí a ti dí lẹ́nu pẹ̀lú gíríìsì nínú kò gbọdọ̀ wọ inú òróró rárá.

Ọ̀rọ̀ yíyọ ló kàn, òun gan-an ni a sì ń fojú kéré jù. Ọ̀pọ̀ ní ohun tó ti gbó kò tún lè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tí a fẹ́ fi béárìn tuntun sí kò tíì gbó. Bí hámà bá há a lára, béárìn tuntun yóò jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Lọ́nà kejì, irin béárìn le púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ìrọ̀rùn. Bí irin líle bá gbá irin líle, èérún rẹ̀ lè fò sí ènìyàn lójú.

Irinṣẹ́ ìyọ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní púlà ní apá méjì tàbí mẹ́ta, tí orí wọn tẹ̀ bí ìwọ̀. Ìdè olójú ìlọ́ kan wà láàárín. Àwọn ìwọ̀ yóò di ẹ̀yìn òrùka mú, ẹnu ìdè yóò ti orí ọ̀pá, a ó sì máa fi sípánà yí i. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí sípánà bá gùn ní 200 mìlímítà, ọwọ́ yóò rin nǹkan bí 1,256 mìlímítà kí ó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Bí ojú ìlọ́ kan bá jẹ́ 2 mìlímítà, ìwọ̀nyẹn péré ni ìdè náà yóò fi tẹ̀ síwájú. Ìrìn ọwọ́ fi ìlọ́po 628 ju ìrìn ìdè lọ. Bí ìwọ́ra irin lórí irin tilẹ̀ jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú èrè náà, agbára ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ kan ṣì lè di fífà tó ju tọ́ọ̀nù kan lọ, láìsí ìró kankan. Apá mẹ́ta sàn ju méjì lọ, nítorí pé ó ń fà lọ́gbọọgba. Òrùka tó fún ni kí ìwọ̀ dì mú. Bí ààyè kò bá sí, tí a ní láti fa òrùka mìíràn, kí a mọ̀ pé agbára ti gba àárín ọta kọjá, kí a má sì ṣe lo béárìn náà mọ́. Nítorí pé apá púlà lè fọ́ nígbà mìíràn, kí a fi aṣọ tó nípọn bò ó, kí a sì wọ awò tí ń dáàbò bo ojú.

Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ dáadáa ti ro ti ọjọ́ yíyọ mọ́ ọjọ́ fífi sí. Yóò jẹ́ kí èjìká ọ̀pá kéré ju òrùka lọ kí ìwọ̀ lè rí ibi dì mú, tàbí kí ó lu ihò olójú ìlọ́ sí ara ilé béárìn kí bóòtù lè ti òrùka jáde.

Òfin yìí kò mọ sí ara béárìn nìkan. Inú ọkọ̀ òfuurufú, níbi tí ọ̀pọ̀ wáyà ti ń pàdé, orí wáyà kọ̀ọ̀kan ní abẹ́rẹ́ irin kékeré tí a tì bọ inú ihò. Eékánná irin fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni ó ń dì í mú níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀mú fà á yóò ṣẹ́ eékánná náà. Irinṣẹ́ ike kékeré ni a ń lò, èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn ní orí méjì: orí aláwọ̀ fún fífi sí, orí funfun fún yíyọ. Orí funfun yóò yọ́ wọ ihò, yóò tẹ eékánná náà, abẹ́rẹ́ yóò sì jáde wọ́ọ́rọ́. Kò sí agbára kan tó ṣẹ́gun níbẹ̀. Ohun tó dè é ni a tú.

Ẹnìkan lè bèèrè pé: àwọn ọ̀gá àtijọ́ ńkọ́, tí wọ́n fi hámà ṣiṣẹ́ tí ọkọ̀ sì ń rìn? Ìbéèrè tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Bí a bá wo ọ̀gá tó mọṣẹ́ fínnífínní, a ó rí i pé kì í fi hámà kan béárìn ní tààrà. Irin rírọ̀ tàbí páìpù ni ó máa ń fi sí àárín, òrùka tó tọ́ ni ó ń kàn, yíyípo ni ó sì ń kàn án díẹ̀díẹ̀. Ó mọ ọ̀nà tí agbára ń gbà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fi ẹnu sọ ọ́. Ibi tí àlébù wà ni pé ọmọ iṣẹ́ tó ń wò ó rí hámà, kò rí ìmọ̀. Ó mú hámà lọ sí ibi iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì fi ìmọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti kan olùkọ́. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1982, ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ wọ inú ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé ìwé girama. Ète rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ka orúkọ ogún irinṣẹ́ sórí, tí kò mọ ìdí tí a fi ń lo ọ̀kan dípò èkejì, kò sàn ju ọmọ iṣẹ́ tó gbé hámà lọ. Kò pọn dandan kí ilé ìwé ní ẹ̀rọ olówó ńlá kí ẹ̀kọ́ yìí tó ṣeé ṣe. Béárìn tí àwọn mẹkáníìkì ti jù nù wà káàkiri. Kí olùkọ́ tọrọ mẹ́wàá, kí a fọ̀ wọ́n mọ́, kí ó wá ẹni tó ní irinṣẹ́ àti ìbòjú bá a gé wọn sí méjì. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo ipa inú wọn, kí wọ́n sọ èyí tí omi pa, èyí tí yanrìn pa, àti èyí tí hámà pa. Kí ilé ìwé olùkọ́ni àti àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì àdúgbò jọ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ọ̀gá ní ọwọ́, olùkọ́ ní àlàyé, ọmọ sì nílò méjèèjì. Kí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ní àdúgbò kan dáwó jọ ra púlà tó dára kan àti ẹ̀rọ ìtẹ̀ kan, kí wọ́n máa yá ara wọn lò.

Ní ìparí, ìbéèrè kan ni ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ẹ̀yà ẹ̀rọ sí àyè rẹ̀ tàbí tó fẹ́ yọ ọ́ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀: ibo ni agbára yìí yóò gbà kọjá? Ẹni tó bá lè dáhùn rẹ̀ yóò mọ irinṣẹ́ tó yẹ kí ó mú. Ẹni tí kò bá lè dáhùn rẹ̀, kí ó gbé hámà sílẹ̀ ná, kí ó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó wà lórí béárìn tó wà lábẹ́ ọkọ̀.